Ìwé àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Lábẹ́ Òrùlé Kan: Ìtàn St. Finbarr's College, Akọka

Ní Ìwéré-Ilé, ní Ìsẹ́yìn, ní Ṣakí, ọ̀nà méjì ni òbí máa ń là sílẹ̀ fún ọmọ tó bá ti parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èyí tí olùkọ́ bá jẹ́rìí sí pé orí rẹ̀ gba ìwé, bàbá á ta iṣu, ìyá á gba èésú, kí ó lè wọ girama. Èyí tí wọ́n bá ní kò gba ìwé, wọ́n á mú un lọ bá ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́: àgbẹ̀dẹ, káfíńtà, aṣọ òfì, mẹkáníìkì. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn méjèèjì kò tún ní jókòó pọ̀ mọ́. Ọ̀kan á máa wo iṣẹ́ ọwọ́ bí ìyà tí orí ti yọ òun nínú rẹ̀. Èkejì á máa wo ìwé bí ohun tí kò wà fún irú òun. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, a sì ti gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Ilé-ìwé girama kan wà l'Ékòó tí kò gbà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i. St. Finbarr's College ni orúkọ rẹ̀, Akọka ló wà, ìjọ Àgùdà ló sì dá a sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1956. Òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, pàápàá nídìí bọ́ọ̀lù, n ó sì sọ ti bọ́ọ̀lù náà tó bá yá. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí àwa ará Òkè-Ògùn rí nínú ìtàn rẹ̀ ni èyí: inú ọgbà kan náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé tí wọ́n sì ń kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́, kò sì sí ẹni tó lè nàka sí ọmọ kan pé torí pé kò mọ̀wé ni wọ́n ṣe fi ayùn lé e lọ́wọ́.

Kí a tó dé Akọka, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yà sí Òṣoògùn, nítorí ilẹ̀ tiwa gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Òṣoògùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti kó Àjàyí lẹ́rú ní 1821 nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú omi ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì ti kọ́ ọ ní ìwé kíkà, wọ́n sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà mọ́ ọn. Ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ní 1864, tí ó ṣíwájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, mọ bí a ti í fi ayùn la pákó kí ó tó mọ bí a ti í ka Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gíríìkì. Kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ọ̀kan ba èkejì jẹ́.

Nígbà tí girama àkọ́kọ́ máa dé ilẹ̀ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Thomas Babington Macaulay, tó fẹ́ Abigail ọmọ Crowther, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ l'Ékòó ní 1859. Àwòṣe àwọn ilé-ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tẹ̀lé, èdè àtijọ́ àti ìmọ̀ inú ìwé ló sì gba iwájú. Ẹ̀bi Macaulay kọ́ nìkan. Ìjọba amúnisìn ń wá akọ̀wé àti ògbufọ̀, àwọn oníṣòwò òyìnbó ń wá ẹni tí yóò bá wọn kọ ìwé ọjà, ẹni tó bá sì mọ kálámù mú ló ń gba owó oṣù. Káfíńtà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò ní ọjọ́. Ọdún mélòó kan péré lèyí gbà kí ó tó di ìgbàgbọ́ gbogbo ilé pé ọmọ tó wọ girama kì í fọwọ́ kan irin.

Ìjọ Àgùdà ì bá ti ṣe é lọ́nà mìíràn, nítorí oníṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ nínú àwọn tó gbé e dé Èkó. Àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ní Bràsíìlì, tí wọ́n padà wá sílé, ló kọ́kọ́ di ìjọ náà mú. Kí àlùfáà kankan tó wá jókòó tì wọ́n, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pàdré Antonio, tí òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlùfáà, ló ń kó wọn jọ fún àdúrà. Fàdá Francesco Borghero, ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní 1856, bẹ̀ wọ́n wò ní 1863. Fàdá Pierre Bouche sì wá ń gbé láàárín wọn ní 1868. Nínú àwọn Àgùdà wọ̀nyí ni káfíńtà, birikilà àti agbẹ́gilére ti pọ̀ jù lọ l'Ékòó ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross, tí wọ́n ṣí ní 1881, ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀ràn wọn bíi Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ni iṣẹ́ náà wà. Ní Topo, lẹ́bàá Àgbádárìgì, àwọn Fàdá kan náà ti dá oko ńlá sílẹ̀ ní 1876, níbi tí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹ̀kọ́ ìsìn ti ń lọ pọ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí ìjọ náà dá St. Gregory's College sílẹ̀ ní Ọbáléńdé ní 1928, ọ̀nà girama tí gbogbo ayé ń tọ̀ ni òun náà tọ̀. Ilé-ìwé tó dára ni, mi ò ní bù ú kù. Ibẹ̀ ni Kádínà Anthony Olúbùnmi Okogie ti kàwé. Ibẹ̀ náà ni Ikú Bàbá Yèyé, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta, ti kàwé, ọba tí gbogbo Òkè-Ògùn ń wárí fún láti 1970 títí tó fi wàjà ní 2022. Mùsùlùmí ni Aláàfin, ọwọ́ àwọn Fàdá ló sì ti gba ìwé. Ó yẹ kí a máa rántí èyí nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn bá fẹ́ da ilé-ìwé wa rú. Ohun kan tún wà nípa St. Gregory's tí mo fẹ́ràn láti máa sọ: láti 1963 títí di 1980, Bruce Onobrakpeya, ayàwòrán tí ayé mọ̀, ló ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní iṣẹ́ ọnà. Ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul ní Ebúté Mẹ́ta, níbi tó ti ya ìrìn Jésù lọ sí orí àgbélébùú pẹ̀lú ojú àti aṣọ àwọn èèyàn wa, dúró ti ọmọ girama, ó ń kọ́ wọn bí ọwọ́ ti í ronú.

Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ìjọ Àgùdà kò tètè rìn jìnnà. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti wà nílẹ̀ tipẹ́, àwọn Onítẹ̀bọmi ti fìdí múlẹ̀ ní Ṣakí títí tí wọ́n fi kọ́ ilé-ìwòsàn ńlá síbẹ̀. Ọdún 1943 ni ẹgbẹ́ Missionaries of Africa, tí àwọn èèyàn ń pè ní White Fathers nítorí aṣọ funfun tí wọ́n máa ń wọ̀, dé Ọ̀yọ́. Ní 1949 Róòmù ya agbègbè Ọ̀yọ́ sọ́tọ̀. Ní 1963 ó di dáyọ́sísì lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Owen McCoy, Òkè-Ògùn sì wà nínú rẹ̀ títí dòní. Girama kò pọ̀ ní àdúgbò wa láyé ìgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó fẹ́ ka ìwé dójú àmì ló ní láti di ẹrù rẹ̀ kí ó forí lé Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìbàdàn tàbí Èkó.

Ẹni tó dá St. Finbarr's sílẹ̀ ni Fàdá Denis Joseph Slattery. Wọ́n bí i ní ìlú Fermoy, ní ìpínlẹ̀ Cork ní ilẹ̀ Ireland, ní 1916. Wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní 1939, ó sì gúnlẹ̀ sí Nàìjíríà ní 1941 nígbà tí ogun Hitler ń jó lọ́wọ́. Ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Èkìtì fún ìgbà díẹ̀, ó kọ́ni ní St. Gregory's, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi í ṣe olóòtú ìwé ìròyìn ìjọ Àgùdà, Catholic Herald. Ipò yìí ló jẹ́ kí ará Èkó mọ irú èèyàn tó jẹ́. Kì í ṣe Fàdá tó máa ń fi ẹnu bo ẹnu. Ó fi ìwé ìròyìn náà gbè sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ń jà fún òmìnira, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ òyìnbó rò pé ọ̀rọ̀ yẹn kò kan àlùfáà. Ọmọ Ireland ni, ilẹ̀ tí òun náà ti wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Kò ṣòro fún un láti mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ó tún fẹ́ràn bọ́ọ̀lù bí ẹní máa kú. Ó máa ń fun fèrè gẹ́gẹ́ bíi rẹfirí, ó sì wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn rẹfirí Nàìjíríà múlẹ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Leo Taylor, tí í ṣe Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà àkọ́kọ́ fún Èkó láti 1950, ló gbé iṣẹ́ ilé-ìwé tuntun náà lé e lọ́wọ́. Ẹ wo àkókò tó bọ́ sí. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èkó náà tẹ̀lé e ní 1957. Ẹni tó bá lójú lẹ́yìn orí mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò fi máa kan ilẹ̀kùn girama. Òmìnira sì ń bọ̀ lọ́nà. Ta ni yóò tún ẹ̀rọ iná ṣe, ta ni yóò yàwòrán ilé, ta ni yóò bójú tó ilé-iṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè tuntun náà fẹ́ dá sílẹ̀, bó bá jẹ́ akọ̀wé nìkan ni à ń tọ́? Ìjọba ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Yábàá, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni girama. Ẹni tó bá wọ ọ̀kan kò ní nǹkan ṣe ní èkejì.

Slattery so méjèèjì pọ̀. Ilé-ìwé tirẹ̀ ni wọ́n máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, girama tó tún jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Wọn kò ní ilé tiwọn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. George ní Fálómọ, ní Ìkòyí, ló gbà wọ́n lálejò ní 1956, kí wọ́n tó kó lọ sí ilẹ̀ wọn ní Akọka. Akọka ìgbà náà kì í ṣe Akọka òní tí mọ́tò kò ti rí ọ̀nà gbà. Yunifásítì Èkó gan-an, tó sọ àdúgbò náà di ibi tí gbogbo ayé mọ̀, ọdún 1962 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Orúkọ tí Slattery sọ ilé-ìwé rẹ̀ wá láti ilé: Finbarr ni bíṣọ́ọ̀bù àtijọ́ tí àwọn ará Cork gbà gẹ́gẹ́ bí ẹni mímọ́ alábòójútó ìlú wọn, ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sì máa ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí ara àmì ilé-ìwé náà, Fidelitas, tí í ṣe ìṣòtítọ́.

Ó rọrùn láti sọ pé a ó fi iṣẹ́ ọwọ́ kún girama. Ó ṣòro láti ṣe. Yàrá ìkàwé kò béèrè ju bẹ́ǹṣì, pátákó ìkọ̀wé àti ẹfun lọ. Ilé-iṣẹ́ káfíńtà ń fẹ́ tábìlì tó le, ayùn, òòlù, òṣùwọ̀n, pákó tó gbẹ. Ilé-iṣẹ́ irin ń fẹ́ ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ lè kọ́ odidi yàrá mélòó kan. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ náà dájú tún gbọ́dọ̀ wà, ẹni tí ó lè ṣe é kí ó sì lè ṣàlàyé rẹ̀, irú wọn kò sì wọ́pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ti òbí tí kò fẹ́ gbọ́ pé òun san owó girama kí ọmọ òun lè wá máa fá pákó. Slattery ní láti fi àbájáde ìdánwò dá irú òbí bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ọmọ tó ń ka ìtàn àti ìṣirò ló ń yàwòrán ẹ̀rọ, tó ń dá irin, tó ń kan igi mọ́gi, tí yóò sì jókòó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá pẹ̀lú àwọn ọmọ King's College àti Igbobi College. Nínú àwọn tó ti ibẹ̀ jáde ni Olúṣẹ́gun Ajanlẹ́kòkò, ẹni tó ń ṣírò iye tí ilé yóò náni, tó di olórí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà, tó sì tún ṣe olórí ẹgbẹ́ wọn káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth. Òun náà wà lára àwọn tó kọ ìtàn ilé-ìwé náà sílẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe fún ẹni tó mọ ìwé tí kò mọ bíríkì, tàbí tó mọ bíríkì tí kò mọ ìwé.

Àṣà ilé-ìwé náà tí ó múni lọ́kàn jù lọ ni àwọn òfin mẹ́rin tí Slattery gbé kalẹ̀. Gbogbo ọmọ Finbarr's ló mọ̀ wọ́n lórí. Ọmọ tó bá jalè, wọ́n á lé e lọ. Ọmọ tó bá jí ìwé wò nígbà ìdánwò, wọ́n á lé e lọ. Ọmọ tó bá jáde nínú ọgbà lásìkò ilé-ìwé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá, wọ́n á lé e lọ. Ọmọ tó bá mu sìgá tàbí tí wọ́n bá oògùn olóró lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á lé e lọ. Mẹ́rin péré ni, ìjìyà kan náà ló sì tẹ̀lé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ẹ̀ṣẹ̀ yòókù, bíi pípẹ́ lẹ́yìn, ariwo, aṣọ tó dọ̀tí, ọmọdé ni ọmọdé, ẹgba àti gígé koríko wà fún ìyẹn.

Àwọn kan lè sọ pé ó le jù. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Òfin tó bá pọ̀ ni ọmọ kì í mọ̀, tí olùkọ́ pàápàá kì í rántí; àánú á wá máa wọ inú rẹ̀ fún ọmọ olówó, ẹgba á máa balẹ̀ lẹ́yìn ọmọ tálákà. Ṣùgbọ́n bí òfin bá mọ ní mẹ́rin, tí gbogbo èèyàn mọ̀ wọ́n láti ọjọ́ kìíní, kò sí ẹni tó lè ní òun kò gbọ́, kò sì sí bàbá tó lè gun mọ́tò ńlá wá bẹ ọ̀gá pé kí ó fojú fo tọmọ òun. Ẹ wo èyí tó wà nípa jíjí ìwé wò. Lónìí, a mọ ibi tí òbí ti ń fi owó ṣọwọ́ sí ilé ìdánwò kí wọ́n lè kọ ìdáhùn fún ọmọ, tí a sì ti fi orúkọ dídùn bo ìwà náà. Ní Finbarr's, ọmọ tó bá fi ẹ̀tàn yege ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìlélọ. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tètè mọ ìdí rẹ̀, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe ń jí ìwé wò nídìí àga tí a kàn. Bí o bá jókòó lé e tó ṣubú, o ti fìdí rẹmi.

Ti bọ́ọ̀lù wá kù. Ìdíje Principals' Cup láàárín àwọn girama Èkó, bó bá di ọjọ́ àṣekágbá, ìlú á kún pápá. St. Gregory's, CMS Grammar School, Baptist Academy, Igbobi College àti Finbarr's ni wọ́n máa ń forí gbárí. Nítorí pé rẹfirí ni ọ̀gá wọn, àwọn ọmọ Finbarr's mọ òfin bọ́ọ̀lù bí wọ́n ṣe mọ òfin mẹ́rin. Ibẹ̀ ni Henry Nwosu ti jáde, ẹni tó ṣì kéré gan-an lọ́jọ́ orí nígbà tó wà lára ikọ̀ tó gba ife Áfíríkà àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà ní oṣù kẹta ọdún 1980, ọjọ́ tí a fi ayò mẹ́ta sí òdo na Algeria l'Ékòó. Ibẹ̀ náà ni Stephen Keshi ti jáde, ẹni tó ṣe balógun ikọ̀ tó gba ife náà ní Tunisia ní 1994, tó sì padà wá ṣe olùkọ́ni ikọ̀ tó tún gbà á ní South Africa ní 2013. Èèyàn kan ṣoṣo ló ti gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ni ṣáájú Keshi ní gbogbo Áfíríkà. Nígbà tí Keshi kú ní 2016, ẹkún tí orílẹ̀-èdè sun kì í ṣe kékeré. Lójú tèmi, bọ́ọ̀lù náà bá èrò ilé-ìwé yẹn mu: Slattery gbà pé ara ọmọ ní ìmọ̀ tirẹ̀, yálà ó fi di òòlù mú ni tàbí ó fi ta bọ́ọ̀lù.

Ní nǹkan bí ọdún 1976, ìjọba gba àwọn ilé-ìwé míṣọ́n l'Ékòó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gbà wọ́n káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìlà-Oòrùn ti ṣáájú ní 1970 lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Bí mo bá fẹ́ sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ yìí ní ojú méjì, ará Òkè-Ògùn kò sì gbọdọ̀ fi ojú kan wò ó. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN wọlé ní ọdún 1979, tí Alhaji Látéèfù Jákándè jẹ gómìnà l'Ékòó, tí Olóyè Bọ́lá Ìgè jẹ gómìnà ní Ọ̀yọ́, owó girama di ohun àtijọ́. Girama ìlú rú yọ ní àwọn ibi tí kò ti sí rí, ọmọ àgbẹ̀ tí kò lè dé Ìbàdàn rí girama wọ̀ nítòsí ilé bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá bu ẹnu àtẹ́ lu èyí kò mọ bí Òkè-Ògùn ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Ohun tí ìjọba kò rí gbà ni ohun tó wà nínú àwọn tó ń gbé inú ọgbà. Fàdá tó dá ilé-ìwé sílẹ̀ kì í lọ sílé ní aago méjì, nítorí ilé-ìwé náà ni ilé rẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá bàjẹ́ nínú ilé-iṣẹ́, òun ni yóò bẹ ẹni tí yóò bẹ̀ kí ó lè ṣiṣẹ́ padà. Lábẹ́ ìjọba, ọ̀gá ilé-ìwé tuntun lè dé lónìí kí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀rọ tó bàjẹ́ á di ohun tí à ń kọ ìwé nípa rẹ̀ sí ọ́fíìsì. Àwọn ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì ju bí ilé-iṣẹ́ irin ṣe lè gbà lọ. Àwọn Àgùdà náà kò dákẹ́. Nígbà tí ìjọba Jákándè fẹ́ fi òpin sí àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni ní 1980, Okogie, tó ti di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Èkó nígbà náà, gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Kóòtù sì dá a láre pé ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti dá ilé-ìwé sílẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ náà títí dòní.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí nínú ìtàn ìgbà yẹn. Ní 1982 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ girama kékeré máa kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ irin mọ́ ìwé. Èyí gan-an ni Slattery ti ń ṣe ní Akọka láti 1956, kò sì gba ìjọba ní nǹkan kan láti lọ wo bó ṣe ṣe é. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n ra ẹ̀rọ olówó ńlá láti òkè òkun, wọ́n pín in káàkiri. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ẹ̀rọ náà kò jáde nínú àpótí rí. Iná kò sí, ilé tí wọ́n máa gbé e sí kò sí, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò kò sí. Ìpẹtà jẹ ẹ̀. Ní 2011 wọ́n tún mú un wá lọ́nà mìíràn: iṣẹ́ 34 ni wọ́n kọ sílẹ̀ kí ọmọ girama àgbà mú ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn. Ẹ wọ ọ̀pọ̀ girama lọ wò, inú ìwé ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ lè kọ orúkọ gbogbo irinṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀ láìtíì di ọ̀kan mú rí.

Ní 2001, nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ gómìnà, ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn ilé-ìwé míṣọ́n padà fún àwọn tó ni wọ́n. Finbarr's padà sọ́wọ́ ìjọ Àgùdà. Slattery ti darúgbó, ó ti padà sí Ireland, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 2003. Ó rí i kí ojú rẹ̀ tó dí pé ilé-ìwé rẹ̀ ti padà wálé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ti ṣe gudugudu méje lórí ọgbà náà láti ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé padà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ tálákà tí ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún ní 1979 kò rọ́nà gba ibẹ̀ wọlé mọ́, àfi bí ẹnì kan bá gbé e lérù. Èyí ni mo rò pé ìjọ náà ṣì jẹ gbèsè rẹ̀, nítorí àwọn tí Pàdré Antonio kó jọ fún àdúrà l'Ékòó kì í ṣe olówó.

Ọ̀rọ̀ mi kù sọ́dọ̀ ará ilé. Òkè-Ògùn ní ohun tí Slattery kò ní nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn awunṣọ òfì Ìsẹ́yìn wà, tí aṣọ wọn ń dé Amẹ́ríkà. Àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn tó ń jó irin ní Ṣakí wà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń rà. Pólì ti Òkè-Ògùn wà ní Ṣakí náà, tó lè yá wa ní olùkọ́ tó mọ ẹ̀rọ. Girama kò sì wọ́n mọ́ láti Ìwéré-Ilé dé Ìgbòho. Ẹ̀yin pírínsípà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó àti lókè òkun tí ẹ máa ń dáwó fún gbọ̀ngàn àti geeti, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ ilé-iṣẹ́ kan sínú ọgbà girama kan ní ìlú yín. Ẹ ra tábìlì tó le àti irinṣẹ́ tó pé. Ẹ pe ọ̀gá awunṣọ kan tàbí ọ̀gá alágbẹ̀dẹ kan, ẹ san owó oṣù fún un bí ẹ ti ń san fún olùkọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa pè é ní olùkọ́. Kí ọmọ tó mọ ìṣirò jù lọ ní kíláàsì náà ni ẹ kọ́kọ́ rán lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.